Ọta ìbọn àgbélẹ̀rọ: Ìdí tó fi máa ń ṣe ẹni tó yìn ín léṣe, àti ohun tó yẹ kéèyàn ṣe tó bá ṣẹlẹ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìbọn ní apátí o, kò ní apátí o, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tó wà níwájú ìbọn ni òwe yẹn ń bá wí. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọta àgbélẹ̀rọ, ìyẹn ọta tí wọ́n fọwọ́ kì nílé tàbí ní ilé àgbẹ̀dẹ, ẹni tó wà lẹ́yìn ìbọn náà kò bọ́ nínú ewu. Ojú rẹ̀ súnmọ́ ibi tí ẹ̀tù ti ń gbiná, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára irin náà gan-an.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adigunjalè nìkan nìyí. Ọdẹ aperan wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru wà níbẹ̀, àwọn tó ń yìnbọn níbi ìsìnkú ọdẹ àti ọdún ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń fa ìjàǹbá náà, ohun tí òfin Nàìjíríà sọ, àti ohun tó yẹ kí ará ilé ṣe tí ìbọn bá bẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ló wà nínú àlàyé yìí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọta àgbélẹ̀rọ?

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di ẹyọ ọta ìgbàlódé kan. Àkọ́kọ́ ni èèpo rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ idẹ fún ìbọn ìléwọ́, tàbí ike àti irin fún kátíríìjì ìbọn ọdẹ. Ìkejì ni kápù, ohun kékeré tó wà nídìí èèpo, tó máa ń tanná nígbà tí ìbọn bá lù ú. Ìkẹta ni ẹ̀tù. Ìkẹrin ni òjé tó ń fò jáde lọ bá ohun tí wọ́n yìn ín sí.

Iléeṣẹ́ ló máa ń fi ẹ̀rọ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tí wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹnìkan bá ṣa èèpo tí wọ́n ti yìn, tó tún un kì fúnra rẹ̀, ọta àfọwọ́kì nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀tù tí kò mọ ibi tó ti wá ló rọ sí i, tí kò wọ̀n ọ́n, tí òjé inú rẹ̀ náà kò bá ìbọn mu, àgbélẹ̀rọ pọ́ńbélé nìyẹn.

Ìbọn ṣakabùlà yàtọ̀ díẹ̀. Kò ní èèpo. Ẹnu ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sí i, tí wọ́n á fi ọ̀pá kì í. Dane gun tí àwọn òyìnbó ń pè é, ara àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Denmark tó ń ná etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jagunjagun Yorùbá gbé lọ sógun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà ogun Kírìjì, láàárín 1877 sí 1893, ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀, ìró ohun ìjà tí wọ́n ń yìn lójú ogun ni wọ́n sì fi sọ ogun náà lórúkọ.

Àsìkò ogun yẹn náà ni ẹ̀tù yípadà. Ní 1884, Paul Vieille, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín bíi ti dúdú. Láti ìgbà náà ni oríṣi ẹ̀tù méjì ti wà lọ́wọ́ aráyé: ẹ̀tù dúdú àtijọ́, àti ẹ̀tù ìgbàlódé tí agbára rẹ̀ ju ti dúdú lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ló ń wá láti ara àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Agbára wo ló wà nínú ẹyọ ọta kan?

Nínú ìbọn tó dáa, ẹ̀tù kì í bú bíi bọ́ǹbù. Ńṣe ló ń jó kíákíá, tó ń di afẹ́fẹ́ gbígbóná. Afẹ́fẹ́ yẹn ń wá ọ̀nà àbájáde, òjé ló dí ọ̀nà, ló bá tì í síta.

Ẹ wo ọta milimítà 9, tó wà lára èyí tí ìbọn ìléwọ́ ń lò jù lágbàáyé. Òṣùwọ̀n tí SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ ni pé kí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má ju 35,000 psi lọ. Ẹ fi wé táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, tí fọkanáísà máa ń fún ní nǹkan bí 30 sí 35 psi. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan nìyẹn, nínú ihò tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí táyà ṣe ń bẹ́ yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ìdí nìyí tí àwọn ìlú tí wọ́n ti ń rọ ìbọn tipẹ́ fi ní ibi ìdánwò. Ẹgbẹ́ àwọn aṣèbọn ní London ti gba ìwé àṣẹ ọba láti 1637, ilé ìdánwò ti ìlú Birmingham sì bẹ̀rẹ̀ ní 1813. Níbẹ̀, wọ́n á yin ọta tó lágbára ju ti ojoojúmọ́ lọ nínú ìbọn tuntun, kò sì sí ẹni tí yóò dì í mọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yìn ín. Èyí tó bá yè é ni wọ́n ń lù lóǹtẹ̀.

Ìbọn àgbélẹ̀rọ kò ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó rà á ni wọ́n ti ń dán an wò.

Ọ̀nà mẹ́fà tí ọta àgbélẹ̀rọ fi ń ṣe èèyàn léṣe

1. Ẹ̀tù tó pọ̀ jù. Nínú ọta ìbọn ìléwọ́, ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n tó tọ́ àti ìwọ̀n tó léwu kéré gan-an. Àwọn tó ń ki ọta lọ́nà tó bófin mu lókè òkun ń lo òṣùwọ̀n tó lè mọ ìyàtọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ṣíbí àti ìdérí ìgò kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ewu mìíràn ni ìgbàgbé: ẹni tó ti rọ ẹ̀tù sí èèpo kan, tí ẹnìkan pè é, tó padà dé tó tún rọ òmíràn lé e. Ìlọ́po méjì ti wọ inú irin tí wọn kò ṣe fún un. Ìbọn yóò bẹ́.

2. Ẹ̀tù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe ìbọn ṣakabùlà fún. Tí ẹnìkan bá tú kátíríìjì, tó da ẹ̀tù ìgbàlódé inú rẹ̀ sí ṣakabùlà nítorí pé ó fẹ́ kó dún dáadáa, àfàìmọ̀ kí ọ̀pá ìbọn náà má ya bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bó. Ojú lásán kò tó láti mọ irú ẹ̀tù tó wà nínú ike tí kò ní orúkọ.

3. Ọta tó há. Nígbà mìíràn, ẹ̀tù kò tó, tàbí ó ti rin. Kápù á tanná, ìró rẹ̀ á kàn ṣe pọ́ọ̀ dípò kó dún gbàù, òjé á sì dúró sáàárín ọ̀nà. Ẹni tó yìn ín á rò pé kò ṣiṣẹ́, á tún yin òmíràn tẹ̀ lé e. Ọta kejì kò rí ọ̀nà gbà, gbogbo agbára á padà sẹ́yìn. Ìró tó kéré yẹn léwu ju ariwo ńlá lọ.

4. Ọta tó pẹ́ kó tó dún. Èèyàn á yìn ín, kò ní dún. Á yí ẹnu ìbọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, iná tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ á wá kan ẹ̀tù. Òfin tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọdẹ lókè òkun ni pé tí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, kí ẹnu rẹ̀ má kúrò níbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá jẹ́ irú ṣakabùlà, ìṣẹ́jú kan gbáko.

5. Èèpo tó ti gbó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yin idẹ ló ń fẹ̀, tí wọ́n bá sì tún un kì, wọ́n á tún fún un padà. Bí irin tí wọ́n ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn ló rí, ọjọ́ kan ni yóò ya. Tí ìdí rẹ̀ bá ya nínú ìbọn, afẹ́fẹ́ gbígbóná àti èérún idẹ yóò gba ẹ̀yìn jáde sí ojú ẹni tó dì í mú.

6. Irin tí kò gba ẹrù. Irin tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, agbára omi ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ya. Pé ó ti dún nígbà mẹ́wàá láìsí wàhálà kò fi hàn pé yóò ru ìkọkànlá, nítorí pé ìlà tí ojú kò rí lè máa gùn sí i nínú irin náà ní gbogbo ìgbà tó bá dún.

Ṣebí àwọn òyìnbó náà ń fọwọ́ ki ọta?

Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò ní kí ẹni tó ń ki ọta fún ìlò ara rẹ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà á ló gbọ́dọ̀ gbà á. Eré ìdárayá ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ló yàtọ̀. Inú ike tí iléeṣẹ́ kọ orúkọ sí ni ẹ̀tù wọn ti ń wá. Ìwé ìtọ́sọ́nà wà tó sọ ìwọ̀n tí wọ́n ti dán wò fún oríṣi ọta kọ̀ọ̀kan. Irin ìbọn wọn ti gba ìdánwò, wọ́n sì ń lo awò ojú.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ìjàǹbá ṣì ń ṣẹlẹ̀. Elmer Keith, ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé tó lókìkí jù nípa ìbọn ní Amẹ́ríkà, tí kíki ọta jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ti ní ìbọn ìléwọ́ tó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ọta tó fọwọ́ ara rẹ̀ kì. Púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ ìbọn ló sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlò pé tí ẹnìkan bá fi ọta àfọwọ́kì ba ìbọn òun jẹ́, àwọn kò ní tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹni tó ní òṣùwọ̀n àti ìwé bá ń fara pa, kí ni ká sọ nípa ẹni tó ń fojú díwọ̀n?

Ewu tó wà nínú ilé kí ìbọn tó dún rárá

Ẹ̀tù dúdú kò nílò ju ẹ̀ta-iná kan lọ. Sìgá, sítóòfù, àtùpà, àní iná tó ń ta nígbà tí wọ́n bá so wáyà bátìrì, gbogbo rẹ̀ ló lè ràn án. Tí ó bá wà nínú yàrá tí ọmọdé ń sùn, gbogbo ilé ló wà nínú ewu.

Èkejì ni òjé. Àwọn tó ń yọ́ òjé nínú ilé ìdáná tàbí ẹ̀yìnkùlé kì í ka èéfín àti eruku rẹ̀ sí nǹkan kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ara tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù. Nàìjíríà ti rí irú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, ó ju 400 ọmọ lọ tó kú nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé. Kì í ṣe ọta ló fa ti Zamfara, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni.

Kí ni òfin sọ?

Òfin ìbọn Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ gbogbo, títí kan ti àtijọ́ pàápàá, wà nínú èyí tó léèwọ̀ fún ará ìlú, àfi tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fúnni níwèé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì wà ní ọ̀nà kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé rẹ̀. Ṣakabùlà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ọ̀nà kẹta, òun náà sì nílò ìwé.

Ṣíṣe ìbọn tàbí ọta láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo nínú òfin yìí. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè dín sí ọdún 10. Níní ìbọn tó léèwọ̀ lọ́wọ́ náà, ọdún 10 ni ó kéré tán. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà ni DICON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí Nàìjíríà: ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Àbújá lórí ìbọn kéékèèké àti ọta wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, ó sì mẹ́nu ba ìbọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ.

Tí ìbọn bá bẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kí ni ṣíṣe?

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ọgbẹ́ nìkan, ìbẹ̀rù ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Ẹbí á gbé e pamọ́, wọ́n á máa wá ewé àti oògùn, ẹ̀jẹ̀ á sì ti lọ. Òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà sọ ohun mẹ́ta tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀:

- Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn ṣe léṣe, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o.
- Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí pé kò tíì san owó àsansílẹ̀.
- Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kì í ṣe kí aláìsàn kọ́kọ́ lọ sí àgọ́.

Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn:

- Ẹ kúrò nídìí ìbọn náà, ẹ má ṣe gbé e, ọta mìíràn lè ṣì wà nínú rẹ̀.
- Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, ẹ má sì ṣí i wò lemọ́lemọ́. Tí aṣọ bá rin, ẹ tún fi òmíràn lé e.
- Tí ìka bá gé, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rin díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ wá gbé ọ̀rá náà lé yìnyín. Ìka náà kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín ní tààrà.
- Tí nǹkan bá wọ ojú, ẹ má yọ ọ́, ẹ má nu ún. Ẹ fi nǹkan tó jinlẹ̀ bí ife bò ó láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ má rọ omi ọmú, omi ṣúgà, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i.
- Ibi tí iná bá jó, tí kò sí ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn lé e fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.
- Ẹ rán dókítà létí abẹ́rẹ́ ipá, nítorí eruku àti ìpáǹtí tó bá irin wọ ara.

Nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà ni 112.

Tí ẹ bá rí ọta tàbí ìbọn ńkọ́?

Ó wọ́pọ̀ kí ọmọdé ṣa ọta tí kò dún nílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú tàbí ọdún. Ẹ kọ́ wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n wá pe àgbàlagbà. Àgbàlagbà náà kò gbọ́dọ̀ lù ú, kò gbọ́dọ̀ jù ú sínú iná, kò sì gbọ́dọ̀ tú u láti wo inú rẹ̀. Iná lè mú kí ọta bú láìsí nínú ìbọn, kí èèpo rẹ̀ sì fò bá ẹni tó wà nítòsí.

Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ lé ọmọdé kúrò, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá. Ẹni tó bá bá ìbọn tàbí ẹ̀tù nínú ogún bàbá rẹ̀ náà, kó má gbé e káàkiri. Ó sàn kó kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò tàbí baálẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ fi tó ọlọ́pàá létí. Láti 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ti wà, NCCSALW, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kápá ìbọn kéékèèké káàkiri orílẹ̀-èdè.

Fún ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ, ìmọ̀ràn náà kò gùn: ọta tí iléeṣẹ́ ṣe, tó bá ìbọn rẹ̀ mu, tí òjò kò pa, ni kó lò. Ọta tí wọ́n bá tà fún un ní ẹ̀dínwó nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, kó dá a padà. Owó tó bá dín níbẹ̀ kò lè ra ìka kan padà.